Ẹ Yé Fi Fílàṣì Sáré Kiri, Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ò Dìgbà Tí Dátà Bá Wà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń gbé mi nínú láti bí ọjọ́ mélòó kan, mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín kí n lè sinmi. Ẹ má bínú tó bá gùn díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni, ẹni tó bá sì ti jìyà ẹ̀ rí kì í tètè mọ ibi tó yẹ kóun ti dákẹ́.

Ẹnu wa gan-an wà lára ohun tó ń dà wá láàmú. Tẹ́nì kan bá ní "nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí", ohun tó ń sọ ni pé fóònù òun ò gbé tàbí pé dátà òun ti tán, gbogbo wa la ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, èmi náà ń sọ ọ́. Àmọ́ ó ti wá dà bíi pé táwa mẹ́wàá bá jókòó sínú yàrá kan pẹ̀lú laptop mẹ́wàá, tí dátà ò sì sí, kálukú á ti gbà lọ́kàn ẹ̀ pé kò sọ́nà tí fáìlì lè gbà kúrò lọ́dọ̀ òun dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì àfi ká yọ fílàṣì. Irọ́ ni o. Kí kọ̀ǹpútà méjì máa gbọ́ra wọn yé, òun náà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Íntánẹ́ẹ̀tì wá wà lọ́tọ̀, ọ̀kan péré ni nínú àwọn ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè gbé èèyàn dé.

Ohun tó fà á tí mo fi ń kọ̀wé rèé. Wọ́n pè mí síbi iṣẹ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan, èèyàn mẹ́sàn-án ló jọ ń kọ ìròyìn kan ṣoṣo, kálukú ní apá tiẹ̀, pírǹtà kan wà nílẹ̀ tó jẹ́ pé wáyà USB nìkan ló mọ̀, kò ní Wáífáì rárá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ fílàṣì kan ni gbogbo wọn ń gbà lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni tó fẹ́ tẹ̀wé á dìde, á lọ bẹ ẹni tí pírǹtà wà lára laptop ẹ̀ pé kó jọ̀ọ́ kó sún díẹ̀, á ki fílàṣì bọ̀ ọ́, á ṣí fáìlì, ìgbà yẹn lá wá rí i pé fọ́ńtì tóun lò ò sí lórí kọ̀ǹpútà yẹn, tábìlì tó ti tò dáadáa ti fọ́n ká, ló bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe níbẹ̀, àwọn tó kù ń tò sẹ́yìn ẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, "final" ti wà, "final2" ti wà, "final gidi" náà ti wà, wọ́n sì tẹ èyí tí kì í ṣe òun jáde látòkèdélẹ̀. Kí n tó gbàgbé, fílàṣì yẹn ti kó fáírọ́ọ̀sì, irú èyí tó máa ń sọ gbogbo fódà di shortcut tó sì ń fi ojúlówó fáìlì pamọ́, torí náà laptop kan tó gbé e wá lówùúrọ̀ ti pín in fáwọn yòókù kó tó dọ̀sán.

Ẹnì kan nínú wọn ní dátà. Ọgbọ́n tiẹ̀ ni pé kó máa fi WhatsApp fi fáìlì ránṣẹ́ sí ẹni tó jókòó tì í. Ẹ ro ìyẹn wò ná: fáìlì tó yẹ kó rìn ìṣísẹ̀ méjì péré, á gba orí òpó lọ, á lọ dé orí kọ̀ǹpútà ńlá kan níbi tá ò mọ̀, á tún padà wá sínú yàrá kan náà, dátà èèyàn méjèèjì á sì jó lé e lórí. Mo wò ó, mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í ṣẹ̀rín dénú.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ilé yìí, tí wọ́n ń pè ní LAN, ọmọ íntánẹ́ẹ̀tì ni, pé tí bàbá ò bá sí nílé, ọmọ ò lè dá nǹkan ṣe. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Lọ́dún 1973, ní ilé ìwádìí Xerox PARC ní California, Robert Metcalfe àti David Boggs bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ohun tá a wá mọ̀ sí Ethernet, ìyẹn ọ̀nà fífi wáyà so kọ̀ǹpútà pọ̀, ohun tó sì jẹ́ kí wọ́n nílò ẹ̀ ni pé wọ́n ní àwọn kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Alto, wọ́n tún ní pírǹtà lésà kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe, wọ́n wá fẹ́ kí gbogbo kọ̀ǹpútà yẹn máa rí pírǹtà yẹn lò. Pírǹtà o! Ọdún 1983 ni ARPANET, tó jẹ́ ìyá íntánẹ́ẹ̀tì, ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo TCP/IP, èdè tí íntánẹ́ẹ̀tì ń sọ títí dòní. Torí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé torí dátà ò sí la ò ṣe lè jọ lo pírǹtà.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé rútà àtijọ́ kan dání, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń tan Wáífáì, èyí tí wọn ò sanwó íntánẹ́ẹ̀tì lórí ẹ̀ mọ́, tó ti ń gba eruku lórí àpótí. Mo tẹ ihò kékeré tó wà lẹ́yìn ẹ̀ mọ́lẹ̀ títí tó fi pa ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́, mo fún Wáífáì ẹ̀ lórúkọ tuntun àti pásíwọ́ọ̀dù tuntun, mo kọ méjèèjì sórí ìwé ńlá kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ìyẹn nìkan ti tó fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Rútà fúnra ẹ̀ ló ń pín àdírẹ́sì fún kálukú, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá ara wọn mọ̀, irú èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, àwọn nọ́ńbà tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún inú ilé nìkan, tí kò lè jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì bó ti wù kó rí, àdírẹ́sì 254 ló sì wà nínú ọ̀wọ́ kan ṣoṣo tí rútà kékeré sábà máa ń lò.

Àwọn tó ní ojú wáyà lára laptop wọn, mo fi wáyà so wọ́n mọ́ rútà, torí wáyà kì í ṣe ségesège bíi Wáífáì. Kódà tó bá jẹ́ laptop méjì péré ni, tí rútà ò sì sí, ẹ fi wáyà kan so méjèèjì pọ̀ tààrà, ó tán. Láyé ìgbà kan wáyà ọ̀tọ̀ tí wọ́n yí inú ẹ̀ padà la máa ń wá fún ìyẹn, àmọ́ ojú wáyà ìsinsìnyí máa ń yí ara ẹ̀ padà fúnra ẹ̀. Wọ́n á fún ara wọn ní àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, àwọn kan máa ń rí nọ́ńbà yìí kí wọ́n ní nǹkan ti bà jẹ́. Kò bà jẹ́, ohun tó ń sọ ni pé òun ò rẹ́ni pín àdírẹ́sì fóun, òun wá mú un fúnra òun. Ẹ ṣáà rí i pé wáyà ò gùn ju mítà 100 lọ, inú yàrá kan ò sì lè gbà tóyẹn. Tí súwíìṣì (ẹ̀rọ kékeré tí wáyà kọ̀ǹpútà púpọ̀ ń wọ̀) tàbí rútà bá jẹ́ ti àtijọ́ tí eré ẹ̀ ò ju 100Mbps lọ, fáìlì 1GB á gbà tó ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, tó bá jẹ́ ti gigabit, tó ń sáré ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, kò ju bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lọ, ìyẹn tí disk inú laptop náà bá lè sáré tẹ̀ lé e.

Ibẹ̀ ni wàhálà àkọ́kọ́ ti dé, kì í sì í ṣe wàhálà ẹ̀rọ. Gbàrà tí wọ́n wọlé sórí Wáífáì yẹn, laptop kálukú kọ "No internet" sí ìsàlẹ̀, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Bọ̀ọ̀dá kan ní, "Ẹ̀gbọ́n, nǹkan yín yìí ò ṣiṣẹ́ o." Mo ní ó ń ṣiṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, a ò wá íntánẹ́ẹ̀tì kankan wá síbí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́ kó tó wọ̀ wọ́n lára. Fóònù tiẹ̀ tún burú jù, torí tó bá ti rí i pé Wáífáì yẹn ò ní íntánẹ́ẹ̀tì, òun fúnra ẹ̀ lè yọ́ kúrò níbẹ̀ láìsọ fẹ́nì kankan.

Ìkejì ni ìbéèrè tí àwọn Windows kan máa ń béèrè téèyàn bá kọ́kọ́ wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun, pé ṣé Public ni àbí Private. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà á, wọ́n á kàn tẹ nǹkan kan kó lè kúrò lójú wọn. Public ni pé "mi ò mọ àwọn tó wà níbí, ẹ fi mí pamọ́", kọ̀ǹpútà á wá dákẹ́, kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn, èèyàn á máa wá a kò ní rí i. Ohun tó ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì onígbà díẹ̀ yìí nìyẹn. Ẹ yí i sí Private fún ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́, ẹ wá tan network discovery, kí kọ̀ǹpútà lè ríra wọn, àti file and printer sharing, kí wọ́n lè jọ lo fáìlì àti pírǹtà. Kí ẹnikẹ́ni má lọ pa fáyáwọ́ọ̀lù, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ tó ń dènà ohun tó fẹ́ gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé, pátápátá o, mo mọ̀ pé ohun táwọn tó ń wá ọ̀nà àbùjá máa ń ṣe nìyẹn, "pa á ná, ká wò ó", wọn ò sì ní rántí tàn án padà láéláé.

Tí gbogbo ìyẹn bá ti rí bẹ́ẹ̀ tí wọn ò sì tíì ríra wọn, ẹ wo inú rútà bóyá wọ́n tan ohun tí wọ́n ń pè ní AP isolation tàbí client isolation. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó má jẹ́ kí ẹni tó wà lórí Wáífáì rí ẹnì kejì ẹ̀. Ó dáa gan-an fún ibi tí àlejò pọ̀ sí, àmọ́ ìdènà gbáà ló jẹ́ fún irú iṣẹ́ tiwa yìí, òun náà ló sì fà á tí Wáífáì àwọn ibi ìpàdé ńláńlá kì í fi wúlò fún fáìlì pínpín bó ti wù kó yá tó.

Ní ti fáìlì, laptop kan ṣoṣo ni mo mú tí mo fi ṣe ilé ìpamọ́, èyí tó lágbára jù, mo ki wáyà iná bọ̀ ọ́, mo sọ fún un pé kò gbọdọ̀ sùn. Mo ṣí fódà méjì sórí ẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ kíkà nìkan, ibẹ̀ la kó àwọn ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn sí, èkejì ni kálukú lè kọ sí. Mo dá àkáǹtì kan sílẹ̀ lórí ẹ̀ tó ní pásíwọ́ọ̀dù tiẹ̀, àkáǹtì yẹn ni gbogbo wọn fi wọlé, tí wọ́n bá ti tẹ àmì \\ àti àdírẹ́sì laptop yẹn síbi Run (àpótí tó ń jáde tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pọ̀), fódà méjèèjì á jáde. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ kàn pa "password protected sharing" kó lè rọrùn. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ó rọrùn lóòótọ́, ilẹ̀kùn tí ò ní kọ́kọ́rọ́ náà rọrùn láti ṣí, àwọn Windows tuntun pàápàá ti ń kọ̀ láti wọlé sí ibi tí wọn ò ti béèrè orúkọ ẹni, torí náà wàhálà téèyàn ń sá fún á kúkú tún padà wá bá a.

Ẹ ṣọ́ra fún ìmọ̀ràn àtijọ́ náà. Ẹ ṣì máa rí ibi tí wọ́n á ti ní kẹ́ ẹ ṣe HomeGroup, ọ̀nà fáìlì pínpín tó bá Windows 7 dé lọ́dún 2009 tí Microsoft sì ti yọ kúrò nínú Windows 10 láti 2018, ẹ lè wá a títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èyí tó léwu ni èyí tó ní kẹ́ ẹ lọ tan SMB 1, ọ̀nà àtijọ́ tí Windows ń gbà pín fáìlì, padà kí kọ̀ǹpútà lè ríra wọn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é. Ihò tó wà lára SMB 1 yẹn ni fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní WannaCry gbà wọlé ní oṣù karùn-ún 2017, tó ń ti orí kọ̀ǹpútà kan fò sí èkejì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ Microsoft ti gbé àtúnṣe ẹ̀ jáde láti oṣù kẹta ọdún yẹn. Tó bá jẹ́ torí pírǹtà àtijọ́ kan tó ń fi scan ránṣẹ́ sí fódà lẹ ṣe fẹ́ tàn án, ẹ kúkú máa scan sórí fílàṣì ní tiyín, ibẹ̀ nìkan ni mo ti gbà fún fílàṣì.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ pírǹtà, torí òun ló gba ọ̀sán mi. Tó bá jẹ́ pírǹtà tó ní ojú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàbí Wáífáì, ìrọ̀rùn ni, ẹ so ó mọ́ rútà, ẹ fún un ní àdírẹ́sì tí kò ní máa yí padà, kálukú á fi àdírẹ́sì yẹn bá a sọ̀rọ̀ tààrà, fóònù pàápàá lè tẹ̀wé sí i tó bá ti mọ AirPrint, ọ̀nà tí fóònù Apple fi ń tẹ̀wé, tàbí irú ẹ̀. Àmọ́ tiwa yìí, USB nìkan. Ohun tí gbogbo ayé máa ń ṣe ni kí wọ́n share pírǹtà látorí laptop tó wà lára ẹ̀, kí àwọn yòókù wá fà á sọ́dọ̀ ara wọn. Ó máa ń dùn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2021 wọ́n rí ihò ńlá kan nínú ètò ìtẹ̀wé Windows, èyí tí wọ́n pè ní PrintNightmare, látìgbà tí wọ́n sì ti dí i ni kò ti sẹ́ni tó lè fa dráíbà pírǹtà, ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè bá pírǹtà sọ̀rọ̀, láti orí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì àfi tó bá ní àṣẹ admin, ìyẹn àṣẹ ọ̀gá, lórí tiẹ̀. Méje nínú èèyàn mẹ́sàn-án yẹn, laptop ibi iṣẹ́ ni wọ́n gbé wá, wọn ò sì ní àṣẹ yẹn. Mo jà á fún wákàtí kan ààbọ̀. Mo tan èyí, mo pa tọ̀hún, òógùn bò mí.

Ìgbà tó yá ni màdáámù kan tó dákẹ́ látàárọ̀ wá sọ pé, "Ṣebí fódà ti wà, ẹ ò ṣe jẹ́ ká máa ju ohun tá a fẹ́ tẹ̀ síbẹ̀, kí ẹni tó wà nídìí pírǹtà máa tẹ̀ ẹ́?" Ojú tì mí díẹ̀. Bá a ṣe dá fódà kẹta sílẹ̀ nìyẹn, a pè é ní TẸ̀ Ẹ́, òfin kan ṣoṣo tó wà nídìí ẹ̀ ni pé PDF nìkan la máa ń jù síbẹ̀, torí PDF máa ń gbé fọ́ńtì ẹ̀ dání, tábìlì ò ní fọ́n ká mọ́. Tó bá ti tẹ̀ ẹ́ tán á gbé fáìlì yẹn sínú fódà míì tó ń jẹ́ "ó ti jáde", kálukú á sì rí i látibi tó jókòó sí pé tòun ti jáde kóun tó dìde. Ẹ ò rí i pé kò sí dráíbà kankan nínú ẹ̀. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́, mi ò tíì rí ètò ìtẹ̀wé tó fún mi nísinmi tóyẹn.

Nǹkan kan tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kẹta tí mi ò ní lè ṣàìsọ. Láàárín ọ̀sán, gbogbo nǹkan dá dúró lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tó rí fódà mọ́, iná ara súwíìṣì kékeré tá a fi kún un wá ń tàn yànràn bíi pé ó fẹ́ fò lọ. Mo wá a, mo wá a. Ẹnì kan ló rí wáyà tó ń fì nílẹ̀, tó ní kóun bá wa tún un ṣe, ló bá ki orí kejì ẹ̀ bọ súwíìṣì kan náà tí orí àkọ́kọ́ wà. Ọ̀rọ̀ tí súwíìṣì ń sọ ń gba wáyà yẹn jáde, ó tún ń gbà á wọlé, ó ń yí po láìdúró títí kò fi sáàyè fún ohun mìíràn. Mo yọ ọ́, gbogbo ẹ̀ sì padà sípò láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ṣùgbọ́n Olóòtú, ìdí gan-an tí mo fi ń kọ̀wé yìí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn. Nígbà tíṣẹ́ parí, kálukú ká laptop ẹ̀, ó di gbéré. A ń pè é ní onígbà díẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń tú u. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìgbà yẹn mo bá ọ̀kan nínú wọn pàdé níbòmíì, mo rí i pé laptop tá a fi ṣe ilé ìpamọ́ ló ṣì ń lò, gbogbo fódà yẹn ṣì wà ní ṣíṣí, àkáǹtì tí pásíwọ́ọ̀dù ẹ̀ wà lára ògiri fún ọjọ́ méjì gbáko ṣì ń gbàlejò, ìròyìn tí wọn ò tíì gbé jáde ṣì wà nínú ẹ̀. Ẹ̀bi èmi ni, torí èmi ni mo dá a sílẹ̀, kò yẹ kí n lọ kí n tó pa á. Torí náà mo ti wá ń ṣe é báyìí: kí rútà tó kúrò lórí tábìlì, mo ti yọ share kúrò lára gbogbo fódà, mo ti pa àkáǹtì yẹn rẹ́, mo ní kí wọ́n gbàgbé Wáífáì yẹn lórí fóònù àti laptop wọn torí bí wọn ò bá gbàgbé ẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá fún tiẹ̀ ní orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù kan náà, wọ́n á kàn wọ̀ ọ́ fúnra wọn, mo sì ya ìwé ara ògiri. Tó bá jẹ́ pírǹtà ńlá tó ní ibi ìpamọ́ nínú, mo máa ń wo ibẹ̀ náà bóyá ohun tí wọ́n tẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọ nípa ẹ̀rọ nínú ìwé ìròyìn yìí, ẹ bá wa fi èyí kún un. Ojoojúmọ́ lẹ máa ń kọ́ wa bá a ṣe máa tan nǹkan, mi ò tíì rí i kẹ́ ẹ kọ bá a ṣe máa pa á.

Bọ̀ọ̀dá tó ní nǹkan mi ò ṣiṣẹ́ yẹn pè mí láàárọ̀ àná. Ó ní wọ́n tún fẹ́ ṣe irú ẹ̀, èèyàn 30 lọ́tẹ̀ yìí, ṣé kí wọ́n wá rútà àtijọ́ sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n wá a, àmọ́ Windows orí laptop lásán kì í gbà ju èèyàn 20 lọ lẹ́ẹ̀kan náà sórí àwọn fódà ẹ̀, torí náà Linux, ètò míì tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí Windows ń ṣe, pẹ̀lú Samba, tó ń jẹ́ kó lè pín fódà fáwọn Windows, ni mo máa gbé wá. Ó ní ṣé ìyẹn máa nílò dátà ni?

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan tó ń bá kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́